EBI ÀTI ÌBẸ̀RÙ NÍ SÚDÁÀNÌ: Ẹ̀TỌ́ TÍ ỌLỌ́HUN FÚN ỌMỌNÌYÀN

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Lèmọ́mù sọ níbi àpéjọ àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ẹni tí ó dá ènìyàn láti inú erùpẹ̀, tí ó sì gbé e ga ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá Rẹ̀ lọ. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Orí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ebi àti rògbòdìyàn ìṣèlú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà fẹ̀ púpọ̀. Bí a bá ní kí a máa ka gbogbo orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa lórí, a kò sì ní rí èyí tí a dì mú lọ sílé. Nítorí náà, ẹyọ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni mo mú, èyíinì ni Súdáànì. Ìdí mẹ́ta ni mo fi mú un.

Ìdí kìíní ni pé Mùsùlùmí ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará ibẹ̀. Mùsùlùmí ni ẹni tí ebi ń pa, Mùsùlùmí náà ni ẹni tí ó ti ọ̀nà oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa pé ọ̀tá ẹ̀sìn ni ó ti òkèèrè wá ṣe é.

Ìdí kejì ni pé àlejò kọ́ ni wọ́n sí wa. Kí ọkọ̀ òfurufú tó dé, ọ̀nà Súdáànì ni ọ̀pọ̀ àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń fi ẹsẹ̀ tọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Púpọ̀ nínú wọn kò padà wálé mọ́. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Fallata, wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ayé tiwa yìí náà, kí ogun tó dé, Khartoum jẹ́ ìlú tí àwọn ọmọ wa máa ń lọ láti kọ́ ìmọ̀ Lárúbáwá àti ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2023, bọ́ọ̀sì ni a fi kó wọn la aṣálẹ̀ já lọ sí ẹnu ibodè Íjíbítì kí wọ́n tó rí bàálù wọ̀ wálé.

Ìdí kẹta ni pé wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀sìn wa ṣe ìjọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí àwa tí a ń pe ara wa ní alátùn-únṣe mọ ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

OHUN MÉJÌ TÍ ỌLỌ́HUN SO PỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Súrátù Kùráéṣì kò gùn. Ọmọ ilé-kéú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n bóyá nítorí kíkúrú rẹ̀ ni a kì í fi dúró tì í. Nínú rẹ̀, Ọlọ́hun pe àwọn Kùráéṣì pé kí wọ́n sin Olúwa Ilé Kááábà, Ó sì sọ oore tí Ó ṣe fún wọn tí ìjọsìn fi di dandan lé wọn lórí. Oore méjì péré ni Ó dárúkọ: Ó bọ́ wọn nígbà ebi, Ó sì fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà ìbẹ̀rù. Kò dárúkọ wúrà, kò dárúkọ ọmọ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ilé gíga.

Ẹ wo àdúà Ànábì Ibrahim nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ̀ 126. Ó kọ́kọ́ tọrọ ààbò fún ìlú Mẹ́kà, lẹ́yìn náà ni ó tọrọ èso fún àwọn ará ibẹ̀. Ẹ tún wo Súrátù Náhlì, ẹsẹ̀ 112, níbi tí Ọlọ́hun ti fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ: ìlú tí ó wà ní ààbò, tí ìjẹ-ìmu rẹ̀ ń ti ibi gbogbo wọlé, tí àwọn ará ibẹ̀ wá ṣe àìmoore. Ìyà tí ó bá wọn kì í ṣe òjò iná, kì í sì í ṣe ìkún omi. Ebi àti ìbẹ̀rù ni a gbé wọ̀ wọ́n bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn. Ìbejì ni ebi àti ìbẹ̀rù. Bí Táyé bá ti wọlé, Kẹ́hìndé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú tí a bá ti ń fi ìbọn dẹ́rù ba àgbẹ̀, oko ibẹ̀ yóò di igbó. Ìlú tí ebi bá sì ti ń pa ọ̀dọ́, ẹni tí ó ní ìbọn yóò rí wọn rà ní ọ̀pọ̀.

Àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, pé kò sí nínú ẹ̀sìn wa. Òótọ́ ni pé ní 1948 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tirẹ̀, tí ó sì ka oúnjẹ mọ́ ọn nínú abala 25. Ní 1981 ni àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí tiwọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn Hijra ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dúró ní pápá Arafa, tí ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn, dúkìá wọn àti iyì wọn jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nínú Súrátù Dáríyátì, ẹsẹ̀ 19, àti Súrátù Máárijì, ẹsẹ̀ 24 sí 25, Ọlọ́hun kò sọ pé ojú àánú ni kí olówó fi wo ẹni tí kò ní. Ó sọ pé “haqq” wà fún un nínú dúkìá olówó. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni ìtumọ̀ haqq. Nítorí náà, ẹni tí ó di oúnjẹ mọ́ ẹni tí ebi ń pa lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ ni ó jí.

ILẸ̀ TÍ KÒ YẸ KÍ ÌYÀN MỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ Súdáànì. Ní Khartoum ni odò Náílì Aláwọ̀ Aró àti Náílì Funfun ti pàdé. Láàrin odò méjèèjì, ní gúúsù ìlú náà, ni oko Gezira wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bomi rin láti inú ìsédò Sennar ní 1925. Oko náà ju mílíọ̀nù 2 éékà lọ. Òwú, ọkà bàbà, àlìkámà àti ẹ̀pà ń jáde níbẹ̀. Súdáànì wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí yànmọ̀tí wọn pọ̀ jù lọ ní àgbáyé. Ẹran ọ̀sìn wọn kò lóǹkà. Wúrà sì wà nínú ilẹ̀ wọn. Ní àwọn ọdún 1970, ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé ilẹ̀ yìí ni yóò bọ́ gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá.

Báwo ni ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ilẹ̀ ìyàn? Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, Ààrẹ Jaafar Nimeiri, tí ó fi ìbọn gba ìjọba ní 1969, kéde òfin Ṣàríà. Àwọn kan nínú àwọn Mùsùlùmí yọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí gé ọwọ́ àwọn tí ó jalè, tí tálákà sì pọ̀ nínú wọn. Ní àkókò yẹn gan-an, ní 1984 sí 1985, ọ̀dá mú Darfur àti Kordofan, ìyàn sì tẹ̀ lé e. Ìjọba lọ́ra láti gbà pé ìyàn wà. Nígbà tí owó oúnjẹ àti epo tún gbówó lé orí, àwọn ará Khartoum tú jáde sí ìgboro. Nimeiri wà ní ìrìn-àjò ní òkèèrè nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1985.

Ẹ fi èyí wé ìṣe Káálífà Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ní ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Hijra, ọ̀dá mú ilẹ̀ Lárúbáwá, ọdún tí a ń pè ní Ọdún Rámádà, ọdún eérú. Umar kọ̀wé sí àwọn gómìnà rẹ̀ pé kí wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ búra pé òun kò ní fẹnu kan ẹran tàbí òrí àmọ́ títí ìdẹ̀ra yóò fi dé bá àwọn ènìyàn. Àwọ̀ ara rẹ̀ dúdú nítorí òróró tí ó ń jẹ. Kò sì gé ọwọ́ olè ní ọdún náà. Kì í ṣe pé ó pa òfin Ọlọ́hun tì. Ó mọ̀ pé ìjọba tí kò tíì san ẹ̀tọ́ ẹni tí ebi ń pa kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró bá a ṣẹjọ́ nítorí búrẹ́dì. Ọ̀bẹ ni Nimeiri fi bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ni Umar fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ké pe Ṣàríà, ẹ rántí èwo nínú méjèèjì ni Ṣàríà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1989, Omar al-Bashir tún fi ìbọn gba ìjọba, òun náà pẹ̀lú orúkọ ẹ̀sìn lẹ́nu. Ó lo ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Darfur ní 2003, ìjọba rẹ̀ kó ìbọn fún àwọn ẹlẹ́ṣin tí a ń pè ní Janjaweed. Wọ́n sun abúlé, wọ́n pa àgbẹ̀, wọ́n da òkú sínú kànga. Mùsùlùmí ni àwọn ará Darfur. Ilẹ̀ tí a mọ̀ mọ kíkọ́ Àlùkùránì sórí ni. Ìfojúdíwọ̀n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn nípa ebi àti àrùn. Ní 2013, ìjọba sọ àwọn Janjaweed yìí di ọmọ ogun tí ó ní orúkọ, RSF, lábẹ́ Muhammad Hamdan Dagalo tí a ń pè ní Hemedti.

Ní 2011, Gúúsù Súdáànì ya lọ, ó sì mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo rọ̀bì lọ. Owó wọn já wálẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2018, ní ìlú Atbara, búrẹ́dì tí ó jẹ́ pọ́n-ùn 1 ti di pọ́n-ùn 3, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì tú síta. Láti orí búrẹ́dì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ tí ó fi di pé a yọ Bashir ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 2019. Owó ilẹ̀ òkèèrè tí a bá nínú ilé rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Àwọn ọ̀dọ́ jókòó níwájú ilé-iṣẹ́ ológun, wọ́n ní àwọn kò kúrò títí ìjọba yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2019, nígbà tí ààwẹ̀ Rámádánì ń lọ sí òpin, a yìnbọn fún wọn. Àwọn dókítà sọ pé àwọn tí ó kú lé ní 100. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà kí ológun àti ará ìlú jọ máa ṣe ìjọba, pẹ̀lú Abdalla Hamdok gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2021, Ọ̀gágun Abdel Fattah al-Burhan àti Hemedti yìí kan náà gba ìjọba náà. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí ìgbà tí RSF yóò wọ inú iṣẹ́ ológun gan-an, àti lábẹ́ àṣẹ ta ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2023, tí ààwẹ̀ Rámádánì kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó parí, ìbọn dún ní Khartoum. Àwọn ènìyàn ṣínu nínú ìró àdó olóró.

BÍ A ṢE Ń FI EBI JAGUN

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ebi ṣe wọ ìlú, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá 2023, RSF wọ Wad Madani, olú ìlú Gezira. Àgbẹ̀ sá, wọ́n kó irúgbìn, wọ́n kó katakata, omi kò ṣàn mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ojú àgbàrá oko. Ó di oṣù Kìíní 2025 kí àwọn ọmọ ogun ìjọba tó gba ìlú náà padà. Oko tí ó ń bọ́ orílẹ̀-èdè ni ogun dúró lé lórí fún ọdún kan gbáko.

Àwọn ológun ìjọba náà kò mọ́ lọ́rùn. Láti oṣù Kejì 2024 ni wọ́n ti dí ẹnu ibodè Adré, ọ̀nà tí ó ti Chad wọ Darfur, wọ́n ní ìbọn ń gba ibẹ̀ wọlé fún ọ̀tá. Ó di àárín oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó ṣí i. Oṣù mẹ́fà ni ìyẹn. Ní oṣù Kejìlá 2024, àdó olóró já bọ́ láti òfurufú sórí ọjà Kabkabiya ní ọjọ́ ọjà. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn sọ pé bàálù ológun ìjọba ni, àti pé àwọn tí ó kú lé ní 100.

Nítòsí ìlú El Fasher ní Darfur, àgọ́ kan wà fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Zamzam ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières ṣírò rẹ̀ pé, ó kéré tán, ọmọdé kan ń kú níbẹ̀ ní wákàtí méjì méjì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ìyàn ní àgbáyé kéde pé ìyàn ti wà ní Zamzam. Ẹ rántí ẹni tí ó ni orúkọ yẹn. Omi tí Ọlọ́hun fi dá Hajara lóhùn ni, nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ Ismaila, tí ìyá rẹ̀ ń sáré láàrin Safa àti Marwa. Ní Zamzam ti Darfur, àwọn ìyá sáré títí. Oúnjẹ wà ní ẹnu ibodè, ọkọ̀ tí ó kó o wà lójú ọ̀nà, ẹni tí ó ní ìbọn ni kò jẹ́ kí ó kọjá. Ní oṣù Kẹrin 2025, RSF wọ àgọ́ náà fúnra rẹ̀, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tí ó kù sì fọ́nká.

El Fasher gan-an ni wọ́n dó tì láti oṣù Karùn-ún 2024. Wọ́n wa òkìtì yẹ̀pẹ̀ yí ìlú náà ká kí ẹnikẹ́ni má baà jáde, kí oúnjẹ má sì wọlé. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ohun tí wọ́n ń pè ní ambaz, èyíinì ni pàǹtí ẹ̀pà àti yànmọ̀tí tí a ti fún òróró rẹ̀ tán, oúnjẹ màlúù. Nígbà tí ó yá, ìyẹn náà di ọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2025, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ ju àdó olóró sí mọ́sáláásí kan níbẹ̀ nígbà ìrun àsùbá. Àwọn tí ó kú lórí ìrun lé ní 70. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2025, ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ RSF. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní 460 aláìsàn àti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ wọn tí a pa ní ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo.

Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Obìnrin náà kò fi igi lu ológbò, kò sì fi ọ̀bẹ pa á. Ó tì í mọ́lé ni. Kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá ní El Fasher gan-an nìyẹn, láìyọ kan, láìlé kan: a kò bọ́ wọn, a kò sì jẹ́ kí wọ́n jáde lọ wá oúnjẹ. Bí ológbò kan bá tó fa iná, kí ni a ó sọ nípa odindi ìlú?

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ju mílíọ̀nù 21 ènìyàn lọ tí ebi ń pa gidigidi ní Súdáànì. Ó sún mọ́ ìdajì gbogbo ará ìlú. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ju mílíọ̀nù 12 lọ ní ìgbà kan. Títí di òpin ọdún 2025, ogun náà kò tíì tán.

ÀWÁWÍ MÉJÌ

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ni pé kádàrá Ọlọ́hun ni. Àwa gba kádàrá gbọ́. Ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi kádàrá bo ọwọ́ apànìyàn. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Amartya Sen, ọmọ Íńdíà, tí ó fojú rí ìyàn Bengal ti 1943 ní kékeré, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ ìyàn. Ohun tí ó rí ni pé kì í ṣe àìsí oúnjẹ nílẹ̀ nìkan ni ó ń fa ìyàn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pé àwọn kan kò ní agbára láti dé ibi tí oúnjẹ wà. Ó tún rí i pé ìyàn ńlá kì í wọ ibi tí ará ìlú ti lè yọ olórí wọn, tí ìwé ìròyìn sì lè sọ òótọ́. Ẹ padà lọ ka ohun tí mo sọ nípa Adré àti El Fasher, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Òjò kọ́ ni ó kọ̀ tí kò rọ̀. Àṣẹ ènìyàn ni ó dí ọ̀nà.

Ohun kejì ni pé Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, nítorí náà kí a dákẹ́. Súrátù Hújúrátì, ẹsẹ̀ 9, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ìjọ méjì nínú àwọn onígbàgbọ́ bá ń bá ara wọn jà, kí a ṣe àtúnṣe láàrin wọn. Bí ọ̀kan bá sì ń ṣe àbòsí, kí a dojú kọ ẹni tí ó ń ṣe àbòsí títí yóò fi padà sí àṣẹ Ọlọ́hun. Ànábì wa sì kọ́ wa pé kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí a ṣe àbòsí sí, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ń ṣe àbòsí. Ìrànlọ́wọ́ ti alábòsí ni kí a dá a lọ́wọ́ kọ́. Àbúbákàrì, Káálífà kìíní, kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n má pa obìnrin, ọmọdé tàbí arúgbó, kí wọ́n má gé igi eléso, kí wọ́n má sì pa ẹran àyàfi èyí tí wọn yóò jẹ. Ta ni nínú àwọn ọ̀gágun méjì yìí ni ó lè dúró níwájú Àbúbákàrì?

Ẹ má sì rò pé ẹjọ́ wọn ti sọnù. Ọ̀kan nínú àwọn olórí Janjaweed, Ali Kushayb, tí ó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ ní 2003 sí 2004, wà ní ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní oṣù Kẹwàá 2025 nígbà tí a dá a lẹ́bi. Ó ju ogún ọdún lọ kí ọjọ́ náà tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Èyí tí ó wà níwájú Ọlọ́hun sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWỌN Ọ̀DỌ́ TÍ WỌ́N GBÉ ÌKÒKÒ KANÁ

Nínú òkùnkùn yìí, ìmọ́lẹ̀ kan wà, ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ yín ni ó sì wà. Nígbà tí ìjọba wó, tí àwọn àjọ òkèèrè kó ẹrù wọn jáde ní Khartoum, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kó ara wọn jọ. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ó bẹ̀rẹ̀ ìyípadà 2018 sí 2019. Wọ́n pe ara wọn ní Iyàrá Pàjáwìrì. Wọ́n gbé ìkòkò kaná ní ojúlé, nínú ọgbà ilé-ìwé àti lẹ́bàá mọ́sáláásí, wọ́n ń se ẹ̀wà àti ọkà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dé. Tákáyà ni wọ́n ń pe ilé ìdáná bẹ́ẹ̀, àṣà tí ó ti wà láti ọ̀dọ̀ àwọn súfí ilẹ̀ wọn. Wọ́n ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, wọ́n ń gbé aláìsàn, wọ́n ń sin òkú. Wọn kò béèrè ẹ̀yà ẹni kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún un. Àwọn ológun méjèèjì mú wọn, wọ́n na àwọn kan, wọ́n pa àwọn kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró, ọ̀pọ̀ nínú ìkòkò náà tutù. Síbẹ̀ wọn kò tú ká. Ní 2025 ni a fún wọn ní ẹ̀bùn Right Livelihood.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwọn tí ó di ìbọn mú ní Súdáànì, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Àwọn tí ó di ìgbákọ mú náà, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jẹ́, ìrun kan náà ni wọ́n ń kí.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN WA

Kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni n ó sọ.

Èkíní, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ fún ìbọn. Láti 2020, ológun ti gba ìjọba ní Mali, ní Burkina Faso, ní Niger tí ó jẹ́ aládùúgbò wa, mo sì rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó tẹ̀ lé ọkọ̀ ogun. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí àwọn olóṣèlú. Ó ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ Khartoum ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó fi ìkookò ṣọ́ àgùntàn. Olóṣèlú burúkú, a lè dìbò yọ ọ́. A lè gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọ̀gágun méjì tí wọ́n ń jà lórí àga kan, ta ni yóò là wọ́n?

Èkejì, ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ní El Geneina ní 2023, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn ni ẹ̀yà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Masalit, a pa á. Àwọn olùwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbọ́ iye òkú ìlú náà ní 10,000 sí 15,000. Ọ̀rọ̀ àwàdà ẹnu ni irú rẹ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yà báyìí kò dára, àwọn báyìí wá gba ilẹ̀ wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí irú rẹ̀ ti ẹnu yín jáde, pàápàá nínú mọ́sáláásí.

Ẹ̀kẹta, ẹ san ẹ̀tọ́ tí ó wà nínú owó yín. Sàká kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn tí ogun Súdáànì lé sí Chad àti Íjíbítì wà lára àwọn tí Ọlọ́hun dárúkọ pé kí a fún: tálákà, aláìní, ọmọ ojú ọ̀nà. Ẹ fi tiyín gba ọwọ́ àjọ tí ẹ mọ̀, tí ó ń fi ìṣirò rẹ̀ hàn. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí mọ́sáláásí kọ̀ọ̀kan ní àpò oúnjẹ kan, kí àwọn ọ̀dọ́ máa bójú tó o, kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò tí iná kò tan nídìí ààrò rẹ̀ lè rí nǹkan gbà láìjẹ́ pé a béèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Ànábì wa kò ka ẹni tí ó sùn ní àjẹyó, tí ebi sì ń pa aládùúgbò rẹ̀, mọ́ onígbàgbọ́ pípé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ òótọ́ fún aláṣẹ. Ànábì wa pe òótọ́ ọ̀rọ̀ níwájú ọba alábòsí ní jíhádì tí ó lọ́lá jù lọ. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí, láìju òkò, láìsun ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ibi tí owó oúnjẹ ará ìlú wọlé sí. Bí aláṣẹ kan bá sì gbé orúkọ ẹ̀sìn wá síwájú yín, ẹ fi Súrátù Kùráéṣì wọ̀n ọ́n: ǹjẹ́ ó ń bọ́ àwọn ènìyàn nígbà ebi? Ǹjẹ́ ó ń fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà ìbẹ̀rù? Bí kò bá ṣe èyí, bí kò sì ṣe ìyẹn, ìró ẹnu lásán ni ẹ̀sìn tí ó ń ké.

Àwọn baba wa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni fún ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹun wá síbí lónìí, ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wọ̀ wá.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí O bọ́ àwọn Kùráéṣì nígbà ebi, bọ́ àwọn ará Súdáànì. Ìwọ tí O fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà ìbẹ̀rù, fi ọkàn àwọn ìyá El Fasher àti Zamzam balẹ̀. Ṣíjú àánú wo àwọn tí ó kú lórí ìrun àsùbá. Gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn alábòsí, kí O sì fi ìgbákọ sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Má ṣe jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, má sì ṣe jẹ́ kí a wà lára àwọn tí yóò fà á. Kí O fi wá sí ara àwọn tí ń san ẹ̀tọ́ kí a tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.